Ilé Méje Tí Bàbá Lúùkù Fi Sílẹ̀ Lófìfo

Àwọn ọ̀dọ́ tó gbẹ́ sàréè bàbá bàbá mi kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju pé arúgbó kan wà tí kì í tètè dá ènìyàn lóhùn. Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òwúrọ̀ ni lóòótọ́, kí ó tó jẹ́ ọ. Lúùkù ni orúkọ tí ó gbà nígbà ìrìbọmi, òun náà sì ni gbogbo Ayétòrò fi ń pè é. N kò ní kọ ìtàn rẹ̀ láti ìbí dé ikú, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò ní fara mọ́ ìwé tó bá sọ ohun tí ẹni tó kọ ọ́ kò rí. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kọ, àti díẹ̀ nínú ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi.

Ọkọ̀ kíkàn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí ó ti ń ṣe é, lẹ́bàá òkun, òkun ti gbà á báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ dúró níbẹ̀ lónìí gbọ́dọ̀ mọ omi wẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni ó máa ń wọn pákó kan. Yóò wọ̀n ọ́n lówùúrọ̀, yóò wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn bá ti mú un gbẹ, yóò tún wọ̀n ọ́n kí ó tó fi ayùn kàn án. Ní ọdún kan, àwọn apẹja wá bá a pé àkókò ẹja ti wọlé, ọkọ̀ kò sì tíì jáde. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ara wọn ti gbóná. Olórí wọn ní, “Bàbá, ẹja kò ní dúró dè wá o.” Bàbá àgbà kò gbé ojú kúrò lórí pákó tó ń wọ̀n. Ó ní, “Òkun yóò dúró dè yín.”

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí ìlú wa ti rí nígbà náà, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lè yé ẹni tí kò gbé ibẹ̀. Ní Ayétòrò àwọn ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè pè ní tèmi. Ẹja tí apẹja pa, aṣọ tí ahunṣọ hun, bàtà, ọṣẹ, ọkọ̀, ọwọ́ ìlú ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pín in fún olúkúlùkù bí àìní rẹ̀ bá ṣe rí. Ọmọ pàápàá, ọmọ ìlú ni. Ilé àwọn ọmọbìnrin ni mo ń sùn, lábẹ́ àbójútó àwọn ìyá tí ìlú yàn. Bí mo bá fẹ́ rí bàbá àgbà mi, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń rí i, bí ọmọ èyíkéyìí ti lè rí i. Ẹni tí wọ́n bá bá ohun àdáni lọ́wọ́ rẹ̀ yóò dá a padà, yóò sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá bá oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi ìlú sílẹ̀. Àwọn tó tẹ ìlú náà dó ti jìyà púpọ̀ nítorí pé wọ́n kọ òrìṣà àti oògùn, wọn kò sì fẹ́ kí èyíkéyìí nínú rẹ̀ tún gba orí afárá pákó wọn kọjá. Bí wọ́n bá lé bàbá tàbí ìyá àgbà ẹnìkan, ọmọ náà kò ní bá a lọ. Ìlú ló ni ọmọ.

Ohun kan ṣoṣo ni bàbá àgbà mi fi pamọ́ fún ìlú. Kí Ayétòrò tó wà, ó ti ṣe akọ̀wé ní ilé ìtajà kan létí odò, ibẹ̀ ló sì ti mọ àlọ́ àpamọ̀ tí àwọn òyìnbó máa ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé ìròyìn, èyí tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní kírọ́sìwọ́ọ̀dù. Wọ́n á ya ilé kéékèèké onígun mẹ́rin sójú ìwé, àwọn kan dúdú, àwọn kan funfun. Wọ́n á pa àlọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn yóò fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ìlà kan ń lọ ní ìbú, òmíràn ń bọ̀ ní òòró, ibi tí méjì bá sì ti pàdé, lẹ́tà kan náà ni wọn yóò jọ máa lò. Ìwé ìròyìn tirẹ̀ kì í ṣe tuntun. Búráímọ̀, oníṣòwò Mùsùlùmí kan tí ọkọ̀ rẹ̀ máa ń gba odò kékeré wọlé, ló ń gbé ìṣó wá fún wa; ìwé ìròyìn àtijọ́, láti ìlú òkèèrè pàápàá, ni wọ́n fi ń dì í. Bàbá àgbà yóò tú ìṣó, yóò na ìwé náà lórí itan rẹ̀ títí yóò fi tẹ́, yóò sì gé ojú ewé tí àlọ́ wà lára rẹ̀ sínú agolo kan lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀.

Nítorí èyí ni òun àti Jeremáyà fi ń jà. Jeremáyà ni olórí ilé iṣẹ́ bàtà, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Gbogbo bébà tó bá wọ ìlú, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń lọ, nítorí bébà ni ó fi ń gé àpẹẹrẹ àtẹ́lẹsẹ̀ kí ó tó gé awọ. Ó mọ̀ pé ojú ewé ń dín, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí bàbá àgbà ń fi wọ́n ṣe. Yóò wá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà onípákó rẹ̀, yóò ní, “Lúùkù, ẹsẹ̀ ogójì ènìyàn ń dúró de bébà tí o jókòó lé.” Bàbá àgbà yóò dìde, yóò yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí i kí ó wò ó, yóò sì ní, “N kò jókòó lé nǹkan kan. Abẹ́ tábìlì ló wà.” Àwọn ọmọ iṣẹ́ á rẹ́rìn-ín, Jeremáyà náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni ẹ̀rín náà ń kúrú sí i.

Nínú gbogbo àlọ́ inú agolo yẹn, ọ̀kan wà tí kò jẹ́ kí ó sinmi. Ìran kan tí wọ́n ń pè ní Màórì ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ dá lé, àwọn tó ni erékùṣù Niu Sílándì kí òyìnbó tó dé ibẹ̀. Kí ni wọ́n ń pe ijó ogun wọn? Ilé mẹ́rin. Kí ni wọ́n ń pe ọkọ̀ wọn? Ilé mẹ́rin. Ẹ̀yà kan láàrin wọn? Ilé mẹ́ta. Gbàgede ìpàdé wọn? Ilé márùn-ún. Ọ̀dùnkún? Ilé mẹ́fà. Orúkọ tí àwọn fúnra wọn fún ilẹ̀ wọn? Ilé mẹ́jọ. Èyí tó kẹ́yìn bi í pé kí ni wọ́n ń pe òkúta aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń gbẹ́ àáké àti ohun ọ̀ṣọ́. Ilé méje.

Ó lé ní oṣù mẹ́jọ tó fi ń wá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa fún un ní mẹ́ta. Ó rí méjì nínú ìwé ìtàn ìrìn àjò òkun kan tí àlejò kan fi ta ìlú lọ́rẹ. Àlejò pọ̀ nígbà yẹn. Wọ́n ń ti òkèèrè wá wo ìlú tí kò sí tèmi tìrẹ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, òyìnbó pẹ̀lẹ́ kan, rìn dé ibi ìkankọ̀, ó sì béèrè lọ́wọ́ bàbá àgbà bóyá inú rẹ̀ dùn láti máa ṣiṣẹ́ láìgba owó. Bàbá àgbà ní òun yóò dáhùn, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ sọ fún òun ohun tí àwọn Màórì ń pe ọ̀dùnkún. Ọkùnrin náà kò mọ̀ ọ́n. Oṣù púpọ̀ lẹ́yìn náà, káàdì kan dé láti òkè òkun, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn rẹ̀: kúmárà. Bàbá àgbà kà á, ó sì kọ lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú ilé wọn. Ó wá ní, “Mo jẹ òyìnbó yẹn ní gbèsè ìdáhùn kan.”

Èmi ni mo kọ́kọ́ dán an wò lórí ilé méje yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, mo sì ti ń ka ìwé dáadáa. Lẹ́tà méjì ti wà níbẹ̀ nítorí àwọn ọ̀rọ̀ tó gba ibẹ̀ kọjá, márùn-ún ṣófo. Mo ní, “Bàbá àgbà, ẹ kàn kọ èyí tó bá bá a mu. Ta ni yóò mọ̀?” Ó fi pẹ́ńsù rẹ̀ sílẹ̀. Kò bínú, ó fa ìwé náà súnmọ́ mi, ó sì fi ìka tọ ìlà náà. Ó ní, “Bí mo bá kọ irọ́ sínú ilé kan, ilé tó bá a pààlà náà yóò di irọ́.”

Ọ̀rọ̀ tí mo wá sọ gan-an nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kù kí wọ́n ti ọkọ̀ ńlá tuntun sómi, ọkọ̀ tí yóò máa kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn obìnrin lọ sí Ìgbókọ̀dá, bàbá àgbà lọ jẹun ọ̀sán. Mo wọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, mo ṣí agolo, mo mú àlọ́ Màórì jáde. Mo fẹ́ wá ọ̀rọ̀ náà fún un kí n sì fi yangàn. Inú ọkọ̀ tuntun ni mo jókòó sí, nítorí ó tutù níbẹ̀. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ bàtà onípákó Jeremáyà lórí afárá. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rí bébà yẹn. Mo ti bébà náà sábẹ́ pákó ìjókòó iwájú ọkọ̀, mo sì gba ẹ̀yìn sá lọ. Igi tí yóò fi gbẹ́ àpẹẹrẹ ẹsẹ̀ ni Jeremáyà wá wá. Ó wọ inú ọkọ̀, ó jókòó sinmi, etí bébà náà sì kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

N kò lè sọ pé òmùgọ̀ ni ìbẹ̀rù rẹ̀. Ìlú Etíkàn ni wọ́n ti bí i, àárín àwọn ìdílé Mùsùlùmí ló ti dàgbà, ó sì ti rí tírà rí kí wọ́n tó rán an sínú awọ: ilé kéékèèké tí a ya sójú ìwé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí náà rí bẹ́ẹ̀. Ó mọ Bíbélì kà. Ó ka ohun tó wà níbẹ̀ jáde: háká, wáká, íwì. Etí ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní pè é ní ọfọ̀? Abẹ́ ìjókòó ọkọ̀ tí yóò gbé ọmọ ìlú ni ó sì ti bá a, nínú ìwé tí Mùsùlùmí fi di ìṣó wá. Kó tó di pé oòrùn yí, kò sí ẹni tó tún fi ọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Ní ilé oúnjẹ, bàbá àgbà mi nìkan ló jókòó sídìí tábìlì tó gba ènìyàn méjìlá. Ó jẹ púpurú rẹ̀ tán, ó fọ abọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo wa péjọ sí gbọ̀ngàn ìlú. Àgbà tí a ń pè ní Bàbá Dáníẹ́lì ló ṣe alága. Ó na ìwé náà sókè.

“Ìwé ta ni?”

“Ìwé mi ni,” bàbá àgbà dáhùn.

“Níbo lo ti rí i?”

“Ìṣó ni wọ́n fi dì. Búráímọ̀ ló gbé ìṣó wá.”

Ariwo gba gbọ̀ngàn. Mo rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń mi orí. Ó lè fi orúkọ Búráímọ̀ sílẹ̀. Ó dúró kí ariwo náà rọlẹ̀, ó sì fi kún un pé Búráímọ̀ kò kọ nǹkan kan sí i, òun ni òun kọ ọ́. Wọ́n ní kí ó sọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ka pákó: ijó ogun nìyí, ọkọ̀ nìyí, ẹ̀yà nìyí, gbàgede ìpàdé nìyí, ọ̀dùnkún nìyí, ilẹ̀ wọn nìyí. Ó ní ìran kan ni wọ́n, wọ́n wà lọ́nà jíjìn réré, ọlọ́kọ̀ àti apẹja bíi tiwa.

Jeremáyà dìde. “Ẹ gbọ́ o. Ijó ogun àwọn tí a kò mọ̀ ló kọ sínú ọkọ̀ tí a fẹ́ kó ọmọ wa sí.”

Bàbá Dáníẹ́lì fi ọwọ́ mú un dákẹ́. Ó fi ìka tọ ìlà tó ṣófo. “Kí ló yẹ kó wà níbí?”

“N kò mọ̀.”

“O mọ mẹ́fà, o kò mọ ìkeje?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Níbẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà,” Jeremáyà wí. “Èyí tí kò ṣeé pè ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀.”

Ẹnìkan tó jókòó lẹ́yìn bàbá àgbà, ẹni tí wọ́n jọ ń kan ọkọ̀, tẹ̀ síwájú. Ó rò pé òun sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́: “Lúùkù, sọ nǹkan kan fún wọn, jọ̀ọ́. Sọ pé ẹja ni.”

Bàbá àgbà ronú sí i, ó ronú sí i ní tòótọ́. Ó ní, “N kò mọ ohun tí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Dáníẹ́lì ká ìwé náà pọ̀. Ìbéèrè kan ló kù fún un, ó sì rọra bi í: ta ló fi ìwé náà sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀? Bàbá àgbà mi mọ̀. Agolo tí mo gbàgbé láti dé ti sọ fún un. Iwájú ni àwa ọmọdé jókòó sí, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ sí i, ṣùgbọ́n kò wo apá ibi tí mo wà. Ó lè ní òun kò mọ̀. Ìyẹn ni yóò jẹ́ irọ́. Ó lè dárúkọ mi. Ó ní, “Ìwé mi ni. Ẹ bi mí nípa ìwé mi.”

Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mejì sí i, èsì kan náà ni. Wọ́n fún un di ọ̀la. Bí kò bá dáhùn, kí ó bá omi tó ń fà jáde kúrò ní ìlú.

Ní ọjọ́ kẹta, a tún péjọ. Ẹrù bàbá àgbà ti wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, aṣọ méjì tí ìlú fún un, nínú àpò kan. Ayùn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ti ìlú ni. Kí Bàbá Dáníẹ́lì tó la ẹnu, mo ti dìde. Mo ní, “Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Bàbá Jeremáyà, ẹ̀rù bà mí.” Ìyá tó ń bójú tó wa di èjìká mi mú. Àwọn kan gbà mí gbọ́. Àwọn mìíràn ní wọ́n kọ́ mi ni, pé bí ọmọ tilẹ̀ gbé e síbẹ̀, ta ló kọ ọ́? Bàbá Dáníẹ́lì ní kí wọ́n pe olùfisùn, nítorí Jeremáyà kò tíì dé.

Ó dé. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, eruku awọ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó rìn dé iwájú, ó gbé bébà kan kalẹ̀, bébà tí a gé bí àtẹ́lẹsẹ̀ òsì ọkùnrin. Ó ní, “Àárọ̀ yìí ni mo rí i. Mo ti gé e kí n tó rí i.”

Ìwé ìròyìn kan náà ni, ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé tiwa, tí wọ́n fi di ìṣó mìíràn wá. Ìdáhùn àlọ́ náà ni wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Iná wà ní ilé iṣẹ́ Jeremáyà, òun nìkan ló sì wà níbẹ̀; ó lè sun bébà náà. Kò sí ẹni tí ì bá mọ̀ láé. Àwọn àgbà gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n fi ìka tẹ̀ lé ilé kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà sí lẹ́tà, ọ̀rọ̀ mẹ́fà, kò sí ìkankan tó yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí ilé méje, ọ̀bẹ Jeremáyà ti gba àárín rẹ̀ kọjá. Lẹ́tà méjì ìparí nìkan ló kù ní ibi gìgísẹ̀.

Bàbá Dáníẹ́lì pe bàbá àgbà mi súnmọ́ ọn. “Ṣé o ti mọ̀ ọ́n báyìí?”

Ó tẹ̀ wò ó. Àpò rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, omi ti ń fà. “Mo ti mọ lẹ́tà méjì sí i,” ó wí. “Ọ̀rọ̀ náà, n kò tíì mọ̀ ọ́n.”

Bàbá Dáníẹ́lì jókòó sẹ́yìn. Ó ní, “Ẹni tí yóò bá parọ́ fún wa, ibí yìí ni ì bá ti parọ́.”

Wọn kò lé e. Ṣùgbọ́n ó ti fi ohun kan pamọ́ fún ìlú, òun náà kò sì jiyàn rẹ̀. Wọ́n ní kí ó kúrò ní ibi ìkankọ̀ fún ọdún kan, kí ó lọ máa ṣiṣẹ́ bàtà lábẹ́ Jeremáyà, kí ọwọ́ ẹlòmíràn sì ti ọkọ̀ náà sómi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ó tọ́. Ó wá sọ fún wọn pé ìṣó méjì ṣì kù ní apá òsì, lábẹ́ ìdí ọkọ̀, kí wọ́n má ṣe gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ní ilé ìwé gíga, mo rí ọ̀rọ̀ tó kù: pounámù ni wọ́n ń pè é. Mo padà wálé, mo sì sọ ọ́ fún un kí n tó jókòó. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì nígbà náà. Ó kà á lórí ìka, lẹ́tà méje, orí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó ní, “Fi ìwé tí o ti rí i hàn mí.”

Láti ọjọ́ tí ó ti kú, òwúrọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ bàtà ló ń padà wá sọ́kàn mi. Omi mímu ni wọ́n rán mi gbé lọ síbẹ̀. Ó jókòó lórí àpótí kékeré, ọwọ́ rẹ̀ tó tóbi jù fún ọ̀bẹ bàtà wà lórí itan rẹ̀. Àwọn yòókù ń gé awọ. Wọ́n gbé ìdì bébà tuntun wọlé. Jeremáyà fa ọ̀kan jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó gbé àpẹẹrẹ ẹsẹ̀ lé e, ó mú ọ̀bẹ. Ó dúró. Ó gbé àpẹẹrẹ náà kúrò, ó yí bébà náà sí ọ̀dọ̀ bàbá àgbà mi, ó sì tì í sí iwájú rẹ̀.

Ó ní, “Wò ó, kí n tó gé e.”